Má Tíì Ta Kọ̀ǹpútà Orin Yẹn, Rùkáyà

Ilé wa, Ìgándò
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì

Rùkáyà ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Ṣakí níbẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ, gbogbo ará ilé kí ọ. Ìyá Ṣéyí alájọgbélé wa tí ẹ jọ máa ń fa ọ̀rọ̀ nítorí pọ́ǹpù omi náà ní kí n má gbàgbé òun. Ara gbogbo wa le. Ilé kàn dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ni.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé bàbá rẹ jókòó kọ lẹ́tà. Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Jímọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé ọ̀rọ̀ rẹ sí wẹ́wẹ́, mo wá ń ṣà á jọ. Mo gbọ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ ń lọ dáadáa. Mo gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ń kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ parí orin yẹn. Mo tún gbọ́ pé akápò ilé ìwé yín fẹ́ rà á kó lè máa fi tẹ ìbéèrè ìdánwò, pé o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un, pé ọ̀rọ̀ orin ti sú ọ. Ibẹ̀ ni ìlà já. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ohun tí mo máa sọ, mo sì rí i pé tí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ìdajì rẹ̀ kò ní dé etí rẹ. Awakọ̀ kan tó ń ná Èkó sí Ṣakí ni mo fi lẹ́tà yìí àti ẹrù kékeré kan rán sí ọ.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ kò pọ̀. Má tíì tà á. Gbọ́ tẹnu mi ná.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan nínú ilé yìí tó mọ bí orin yẹn ṣe parí? Apá ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀, torí òun ló ń jáde láti yàrá rẹ títí o fi lọ. Ìyá rẹ máa ń kọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ:

Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ mi kò rẹ̀,
Mo rí iná ilé wa lókèèrè,
Mo ní…

Tó bá ti dé “mo ní”, ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń kú sí gan-an, òun náà á dákẹ́, á wá ku ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan. Àwọn ọmọ Ìyá Ṣéyí ti sọ ọ́ di eré. Wọ́n á kọ ọ́ dé “mo ní”, gbogbo wọn á ṣubú lulẹ̀ gbàgà, wọ́n á pariwo pé, “Ó ti háńgì o!” Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Tí mo bá rẹ́rìn-ín tán, mo máa ń wọlé lọ jókòó, kò sì sí ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀.

Jẹ́ n kọ́kọ́ rán ọ létí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà náà. Tòkunbọ̀ ni, láti Ìkẹjà. Mo gbé ojú rẹ̀ tó dà bí tẹlifíṣọ̀n lé itan títí a fi dé Ìgándò, mo sì ń fi ọkàn ṣírò iye àpò sìmẹ́ǹtì tí owó yẹn ì bá rà. Oṣù kan kò tíì pé tó ti ń kú lójijì. Ìwọ ní sọ́fítíwià ni. Ìyá rẹ ní ojú ayé ni. Èmi ní ẹni tó tà á fún wa ló rẹ́ wa jẹ. A gbé e lọ sọ́dọ̀ Síkírù tí gbogbo Ìkòtún ń pè ní Injiníà. Ó ṣe dáadáa níbẹ̀, kò kú lẹ́ẹ̀kan. A gbé e bọ̀ wálé, ó kú. A tún gbé e padà, ó tún ṣe dáadáa. Síkírù wò mí, ó ní, “Bàbá Rùkáyà, ẹ má bínú o, kọ̀ǹpútà yín ò fẹ́ràn ilé yín ni.” Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí èmi ni mo ń san owó ọkọ̀. Ìwọ sunkún.

Ìwọ náà lo sì rí ìdí rẹ̀. O rántí? Ọjọ́ Àìkú ni. Kọ̀ǹpútà kú, o sáré jáde, o pariwo pé, “Ta ló tan pọ́ǹpù?”

Ìyá Ṣéyí dá ọ lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé: “Èmi ni jàre! Ṣé kí n fi itọ́ wẹ ọmọ mi ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pa á ná.”

“Tí mo bá pa á, ṣé ìwọ ló máa bá mi fa omi láti inú kànga?”

“Ẹ ṣáà pa á mà. Tí mo bá ti tan kọ̀ǹpútà padà, kí ẹ tún tan pọ́ǹpù. Nǹkan kan ni mo fẹ́ wò.”

Ó pa á. O tan kọ̀ǹpútà, o ké sí i. Ó tan pọ́ǹpù. Gílóòbù pálọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fìrì bí ẹni tó fẹ́ sín, kọ̀ǹpútà sì kú. Ìyá Ṣéyí yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ lérí. “Áà! Ṣé èmi ni mo wá ń pa nǹkan yìí látọjọ́ yìí? Orin wo gan-an lò ń kọ, Rùkáyà, tí omi ò fẹ́ gbọ́?” Ẹ̀rín yẹn pọ̀ débi pé Àlàájì onílé sọ̀ kalẹ̀ wá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń kan fèrèsé rẹ kí wọ́n tó tan nǹkan ńlá, kí o lè kọ́kọ́ fi iṣẹ́ rẹ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ á kan án, ẹni tó fẹ́ tan pọ́ǹpù á kan án: “Rùkáyà, ṣé o ti séèfù?” Wàá ní, “Mo ti séèfù o,” wọ́n á wá tan tiwọn. Àlàájì onílé tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ séèfù pàápàá ń fi kí ọ láàárọ̀. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kí àwọn olórin nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí pálọ̀, mo ń gé èékánná. Mo gbọ́ kó-kó-kó lára fèrèsé yàrá rẹ. Ìyá Ṣéyí ní, “Rùkáyà, ṣé o ti séèfù? Mo fẹ́ tan pọ́ǹpù.” Mo dáwọ́ èékánná gígé dúró. Nígbà tó yá, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá Rùkáyà. Ẹnu mi ló ṣì mọ́ ọn.” Mo ní, “Kò sí wàhálà, Ìyá Ṣéyí. Ẹ tàn án.” Kò tàn án. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ariwo pọ́ǹpù yẹn.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ ìmọ̀ràn mi.

Èkínní. Mọ irú ikú tí ó ń kú. Èyí ni Síkírù kọ́ wa lẹ́yìn tí ojú tì í. Tí gbogbo rẹ̀ bá ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, iná ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Wo gílóòbù, kí o bèèrè ẹni tó tan nǹkan. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì ló ń dúró gbagidi, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ooru ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ sọ́fítíwià orin nìkan ló pòórá, tí àwòrán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, ìyẹn yàtọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, o sọ pé ojú kan náà ló ń kú sí, bó ti ń ṣe níhìn-ín ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ. Àbẹ̀kẹ́, iná kò mọ ìlà tí o dé nínú orin. Ooru náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń pa á wà nínú orin náà fúnra rẹ̀.

Èkejì. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. O sọ pé lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, o yọ sọ́fítíwià, o tún un fi sí i, o yọ mẹ́mórì, o nù ún, o dá a padà, o sì pa àwọn nǹkan tí ń lé fáírọ́ọ̀sì rẹ́. Ká ní ó tilẹ̀ gbọ́ràn, èwo lo máa sọ pé ó wò ó sàn? Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, ìyá rẹ kò tíì mọ̀ mí nígbà náà, búlọ́ọ̀kù mi ń sán. Ẹ̀rù bà mí. Lọ́jọ́ kan náà, mo pààrọ̀ yanrìn, mo fi kún sìmẹ́ǹtì, mo dín omi kù, mo sì ń fi àpò tútù bò wọ́n lọ́wọ́ oòrùn. Wọn kò sán mọ́. Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, n kò sì láyà láti fi ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ra yanrìn láti ọ̀nà jíjìn, tí mo ń da sìmẹ́ǹtì nù, kí n tó mọ̀ pé oòrùn nìkan ló ń ba búlọ́ọ̀kù mi jẹ́. Àpò tútù tí n kò fi owó rà ni ìwòsàn rẹ̀. Mo máa ń bínú sí ara mi tí mo bá rántí.

Nítorí náà, ṣe ẹ̀dà orin náà, má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́. Nínú ẹ̀dà yẹn, yọ gbogbo ohùn kúrò, kó ku ohùn ẹnu rẹ nìkan. Jẹ́ kó kọjá “mo ní”. Tó bá kọjá, dá ìlù padà, kí o tún gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, dùùrù. Lẹ́yìn náà, èyí tó kù, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, má ṣe méjì pọ̀. Ibi tó bá ti kú, èyí tí o mú wọlé kẹ́yìn ni kí o dì mú. Tí o bá fẹ́ mọ ohun tí mo rò, mo fura sí fèrè yẹn, èyí tí o mú láti inú sídì tí ọ̀rẹ́ rẹ dà kọ fún ọ. Ibi “mo ní” ló ti ń wọlé, ìgbà tó sì wọlé ni ìyọnu bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn fèrè náà púpọ̀, mo sì mọ̀ pé ìwọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Tó bá jẹ́ òun ni, jẹ́ kó lọ. Wá fèrè mìíràn, tàbí kí o fi ẹnu súfèé síbẹ̀. O mọ̀ ọ́n súfèé láti kékeré, ìyá rẹ ló máa ń bá ọ wí pé ọmọbìnrin kì í súfèé.

Ẹ̀kẹta. Má fi gbogbo nǹkan sí ojú kan. Ní ọdún tí ọ̀gbàrá wọ sáìtì wa, mọ́ọ̀dù tí mo fi ń gé búlọ́ọ̀kù, méjèèjì, ti inṣì mẹ́fà àti ti mẹ́sàn-án, ibi kan náà ni mo tò wọ́n sí, ibi kan náà ni omi ti kó wọn lọ. Ká ní mo gbé ọ̀kan wálé ni, ǹ bá rí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀. Tí o bá ti ṣiṣẹ́ tó ìlà kan, séèfù, kí o fún un ní orúkọ tuntun: Orin kìíní, Orin kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí o da ọ̀kan sí fíláàṣì, kí fíláàṣì náà má sì gbé inú àpò kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀kẹrin kúrú. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun sínú ẹrù yìí. Kì í ṣe fún ilé. Pa ẹ̀rọ, yọ wáyà kúrò lára ògiri, ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o rọra gbá eruku orí fáànù kékeré inú rẹ̀ jáde. Eruku Ṣakí kò ní kéré sí tiwa. Aṣọ tí ìyá rẹ fi òwú hun fún un rẹwà, ṣùgbọ́n ìgbà tí o bá pa ẹ̀rọ ni kí o fi bò ó. Tó bá ń ṣiṣẹ́, jẹ́ kó mí. Má sọ fún un pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, mo ṣì fẹ́ jẹun nílé yìí.

Ẹ̀karùn-ún. Má fi ìbínú ta nǹkan. Kẹ̀kẹ́ ológeere kan ni mo gbé wá sí Èkó láti Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kan, ṣéènì rẹ̀ já ní Akọ̀wọ́njọ, mo tún un ṣe, ó tún já níwájú díẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń wò mí. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò ní kúkú tà á, kí ẹ sinmi?” Iye tó pè ni mo gbà. Mo gba owó, mo fẹsẹ̀ rìn dé Ìpájà, inú mi ṣì ń ru. Kó tó di ọjọ́ kejì, mo rí ọkùnrin náà lórí kẹ̀kẹ́ mi, ó ń fò lọ fẹ̀ẹ̀. Ṣéènì tuntun ló rà sí i, owó rẹ̀ kò tó oúnjẹ ọjọ́ méjì. Ó jùwọ́ sí mi. Mo jùwọ́ sí i padà, kí ni ǹ bá ṣe? N kò mọ iye ọdún tí mo fi fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn ìyẹn. Akápò yín lè jẹ́ èèyàn dáadáa, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n iye tó máa san fún ọ, o máa jẹ ẹ́ tán kí sáà ẹ̀kọ́ yìí tó parí, iye tí o sì máa fi ra òmíràn lọ́jọ́ tí orin bá tún wù ọ́ máa tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀ dáadáa. Tó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu ṣá, sọ fún un pé bàbá rẹ ò tíì fọwọ́ sí i.

Èyí tó kù kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. O sọ pé nínú ilé tí o gbà, o kì í ṣílẹ̀kùn tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, pé wọn kò mọ ohun tí ò ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ mi, ṣílẹ̀kùn. Mọ orúkọ ẹni tí ẹ jọ ń fa iná kan náà. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin rẹ, kó máa dà wọ́n láàmú nídìí ìkòkò wọn, kí wọ́n bá ọ jà díẹ̀, kí wọ́n mọ̀ ọ́. N kò fẹ́ kí ọmọ mi wà ní ìlú kan tí ẹnikẹ́ni kò ní kan fèrèsé rẹ̀. Sì máa jẹun lọ́sàn-án. O kì í jẹun tí nǹkan bá dùn ọ́, mo mọ̀ ọ́.

Bóyá o ti ń rò ó pé, Bàbá, tí mo bá ṣe gbogbo èyí tí kò sì gbọ́ ńkọ́? Tí o bá ti gbìyànjú ní sùúrù, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì kọ̀, tà á fún akápò. Mo fọwọ́ sí i. N kò ní bá ọ wí, n kò sì ní ka iye tí a fi rà á sí ọ lọ́rùn. Kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà ni orin yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí o ti ń fọ abọ́ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ìgbà yẹn a kò tíì ní ohunkóhun nínú ilé yìí tó ju rédíò lọ. Kọ̀ǹpútà lè bá akápò lọ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìyókù orin náà bá a lọ.

Pè wá lọ́jọ́ Àìkú tí ìyá rẹ kì í ránṣọ. Kọ ọ́ sórí fóònù báyẹn, láìsí ìlù, láìsí fèrè. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ àti ìyá rẹ, pé tí ẹ bá ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo máa ń wo aago ọwọ́ mi, tó bá ti ń súnmọ́ ìṣẹ́jú kan, mo máa ní, “Ó dáa, ó dáa, a ti gbọ́, ó dàbọ̀.” Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ náà, mo máa yọ aago ọwọ́ mi kúrò. A ó gbé fóònù sórí tábìlì, ìyá rẹ á jókòó sí ọ̀tún, èmi á jókòó sí òsì, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní sọ̀rọ̀.

Tí owó orí fóònù rẹ bá tán ní àárín orin, má bẹ̀rù, èmi ni yóò pè ọ́ padà. Tí mo bá sì pè ọ́, má tẹ̀ síwájú láti ibi tó ti já. Tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.